Koríko Ìbejì Lẹ́bàá Yarnton Way

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìròyìn ṣe ń yára rìn láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Thamesmead, kó lọ kúnlẹ̀ sẹ́bàá Yarnton Way lọ́sàn-án Sátidé, kó mú ọ̀bẹ ìdáná dání, kó sì máa wú koríko. Èmi ṣe é. Mi ò tíì wú ju ìdì mélòó kan lọ tí fóònù mi fi dún. Mọ́mì Lọ́ńdọ̀n ni.

"Níbo lo wà?"

"Mo wà níta, mà. Mo ń ṣe iṣẹ́ school."

"Iṣẹ́ school wo ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ ṣe lójú títì? Sister kan látinú choir ṣẹ̀ṣẹ̀ call mi báyìí. Wọ́n ní àwọn wà nínú bus, àwọn rí ọmọ mi tó kúnlẹ̀, tó ń já koríko sínú nylon. Wọ́n ní ṣé nǹkan ò ṣe é?"

Mo ní nǹkan kan ò ṣe mí. Wọ́n ní kí n ṣáà sọ hood tí mo fi borí kalẹ̀, kí n lè jọ ọmọ yunifásítì díẹ̀.

Mi ò bínú sí sister náà. Níbi tí a ti wá, ẹni tó bá ń já ewé lẹ́bàá ọ̀nà, bí kò bá ń wá àgbo, á jẹ́ pé ó fẹ́ fi ṣe ọmọ ẹlòmíràn níṣẹ́, bí kò bá sì jẹ́ ìyẹn, a jẹ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ta ló máa ronú kan ẹni tó gba físà, tó wọ bàálù, tó wá sí Lọ́ńdọ̀n láti wá gboyè nínú koríko? Bàbá mi alára, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn, bi mí bóyá koríko Iléṣà ti tán ni.

Ohun tí mo ń wá rọrùn láti sọ. Irú koríko tí wọ́n ń gbìn sí pápá bọ́ọ̀lù ni. Ó ti pẹ́ lẹ́bàá Yarnton Way. Ó ń mu èéfín lọ́rí àti mọ́tò láàárọ̀ lálẹ́, ó ń so, hóró rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ tó bí náà ń hù sínú èéfín kan náà. Èyí tí kò lè fara dà á ti kú láìbímọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìfaradà náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣẹ́ kù, débi pé ọmọ ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, àbí ó kàn mọ́ wọn lára ni, bí ariwo bàálù ṣe ń mọ́ ẹni tó ń gbé nítòsí pápákọ̀ òfurufú lára.

Kí n lè rí ohun tí màá fi wé wọn, mo lọ wú òmíràn ní àbàtà Crossness, níbi tí mọ́tò kì í gbà, tó jẹ́ pé àwọn ẹṣin ló ń jẹko níbẹ̀. Ibẹ̀ kan náà ni ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ìlú wà. Bí atẹ́gùn bá kọjú sí èèyàn, kíá lèèyàn máa di imú. Ṣùgbọ́n òórùn kì í ṣe èéfín, ewé koríko ò sì ní imú. Nínú iṣẹ́ mi, Crossness ni mo pè ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Títí di òní, Mọ́mì Lọ́ńdọ̀n ò gbà. Wọ́n ní tí ìwé mi bá fi lè pe Crossness ní afẹ́fẹ́ tó mọ́, kò sí irọ́ tí ìwé ò lè pa.

Mọ́mì Lọ́ńdọ̀n kọ́ ló bí mi. Ìbejì ìyá mi ni wọ́n, ìbejì tó jọra débi pé lọ́jọ́ tí wọ́n wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, ṣe ni mo fẹ́ bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe ṣe é tí ẹ fi ṣáájú mi dé. Wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Woolwich. Ilé wọn wà ní South Thamesmead, ó wọnú dáadáa, mọ́tò kì í gba ibẹ̀, ó sì ní ẹ̀yìnkùlé kékeré kan. Ìyá Ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà wa, ṣọ́ọ̀ṣì náà sì kọjú sí Yarnton Way gan-an. Kọ́kọ́rọ́ géètì rẹ̀ kì í kúrò lára wọn.

Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ẹni tó kẹ́yìn dé nínú ìbejì ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìyá mi ló kẹ́yìn dé, Mọ́mì Lọ́ńdọ̀n ni Táyé. Nígbà tí àwọn méjèèjì dàgbà, ìyá mi tún rán Táyé níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àdéhùn wọn ni pé Táyé á lọ sí Lọ́ńdọ̀n, á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ìyá mi á wá gba ipò rẹ̀, kóun náà lè padà sílé wá sinmi. Ọdún tó yẹ kí ìyá mi wá ni wọ́n lóyún. Èmi ni oyún náà. Lẹ́yìn èmi, àbúrò mi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àbúrò mi, físà le. Ọdún méjì yẹn ti lé lọ́gbọ̀n báyìí.

Àwọn méjèèjì sọ ọ́ di àwàdà. Ní gbogbo Sátidé tí wọ́n bá ti rí ara wọn lórí fóònù, Mọ́mì Lọ́ńdọ̀n á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, shift mi ti parí tipẹ́ o. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wá gba handover?" Ìyá mi á dáhùn láti Iléṣà pé, "Máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ṣì ń wá bàtà tí màá wọ̀." Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rín wọn. Kí Mọ́mì Lọ́ńdọ̀n tó rí ilé tó wọnú yìí, yàrá tó kọjú sí Yarnton Way ni wọ́n gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rín tiwọn máa ń parí sí ikọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí koríko. Koríko ní ẹ̀bùn kan tí èèyàn ò ní. Bí o bá wú ìdì kan, tí o fọwọ́ yà á sí méjì láti gbòǹgbò, méjèèjì á hù, méjèèjì á sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà. O lè gbé ọ̀kan síbi tí èéfín wà, kí o gbé èkejì síbi tí kò sí. Bí wọ́n bá wá yàtọ̀ síra wọn, ibi tí wọ́n wà ló fà á. Bí ìdílé kan bá sì yàtọ̀ sí ìdílé mìíràn níbi kan náà, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ti sọ fún mi pé kò sí àyè láti tún un ṣe tí nǹkan bá bà á jẹ́, torí koríko kì í yára dàgbà nítorí pé físà ẹnì kan fẹ́ parí. Bí àwọn koríko yẹn bá bàjẹ́, mi ò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà. Màá padà sí Iléṣà pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná.

Orí tábìlì ìdáná Mọ́mì ni mo ti ya àwọn koríko náà. Mo gbìn wọ́n sínú ike kéékèèké, mo fi ọ̀dà kọ àmì ìdílé kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ ike rẹ̀. Èyí tó ń lọ sójú títì, mo ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ pupa bọ̀ ọ́. Èyí tó máa dúró ní ẹ̀yìnkùlé, mo ki igi búlúù bọ̀ ọ́. Mọ́mì fara ti ẹnu ọ̀nà, ife tíì wà lọ́wọ́ wọn.

"Kí ló dé tó o fi ń ya wọ́n?"

Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo lè sọ gbólóhùn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí kò ní yé ẹnikẹ́ni, kí gbogbo wa sì wà ní àlàáfíà. Mo ní, "Ìbejì ni wọ́n, mà."

Wọ́n gbé tíì sílẹ̀. "Èwo ni Táyé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Táyé ni onígi pupa.

"Òun ló máa lọ sójú títì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìkejì rẹ̀ á wà nílé níbí."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí summer á fi parí."

"Láìsí handover?"

"Kò sí handover, mà. Experiment ni."

Wọ́n ní, "Hmm." Mi ò ka "hmm" náà sí. Ọmọ tó bá gbọ́n ì bá ti kó koríko rẹ̀ jáde nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà.

Ibi tó dára jù láti kó àwọn onígi pupa sí ni ẹ̀gbẹ́ irin tó yí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ká, níbi tí èéfín títì ti ń fẹ́ sí wọn lójú, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní jí wọn gbé. Mọ́mì fọwọ́ sí i. Wàhálà dé láti ọ̀dọ̀ Uncle kan, àgbà nínú ìjọ, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Uncle dúró lórí àwọn ike mi bí ẹni tó rí ejò.

"Mummy, gbogbo Sunday là ń gbàdúrà pé koríko ò ní hù lẹ́nu ọ̀nà wa, gbogbo wa ń ṣe àmín. A tún wá ń fọwọ́ ara wa gbìn ín?"

Òótọ́ ni Uncle sọ. Yorùbá kì í fojú rere wo koríko lójúde. Ojúde tí koríko bá hù sí, àwọn onílé ti kú, tàbí wọ́n ti sá lọ. Mo ti ń wá èsì, ṣùgbọ́n Mọ́mì ti rí i.

"Inú pot ló wà, Uncle. Ṣé ó kan ilẹ̀?"

Uncle bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lóòótọ́, kò kan ilẹ̀. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní kò burú, àdúrà náà ṣì dúró. Èmi náà ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́, mo bá ní bọ́ọ̀sì Uncle gan-an wà lára ohun tí mo ń ṣe ìwádìí lé lórí. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Electric ni bus tèmi. Lọ bá àwọn onílọ́rí." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dúró sí ibùdókọ̀ tí Uncle ń bọ̀, wọ́n máa ń kọjá mi dé iwájú kí wọ́n tó tẹ bíréèkì.

Mọ́mì gbà láti máa bomi rin àwọn méjèèjì, tojú títì àti tẹ̀yìnkùlé. Èmi máa ń wá wọn ewé láàárín ọ̀sẹ̀, màá wo gígùn rẹ̀, màá wo iye tí ẹnu rẹ̀ ti jóná. Ọjọ́ Sunday ni mi kì í sí nílé, torí pé mo ń bá wọn kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Belvedere. Mọ́mì kì í bá mi jà lórí pé mi ò wá sí ìsìn. Ó yẹ kí ìyẹn náà ti ta mí lólobó. Ìyá Ìjọ tí kò bá ọmọ jà lórí ìsìn Sunday, ó ní ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí ooru mú, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rí bákan. Táyé ojú títì àti Kẹ́hìndé ẹ̀yìnkùlé ò yàtọ̀ síra. Bí ọ̀kan bá ga, èkejì ga. Bí ọ̀kan bá jóná lẹ́nu, èkejì jóná lẹ́nu. Mo wọ̀n wọ́n, mo tún wọn wọ̀n. Orí mi wú. Mo sọ fún ara mi pé mo ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, pé èéfín Yarnton Way ò lágbára kankan lórí koríko. Mo pe bàbá mi, mo ní kí wọ́n máa múra, wọ́n á gbọ́ orúkọ mi. Mo rántí pé Mọ́mì wà nídìí gáàsì, wọ́n ń ro ẹ̀bà, wọn ò sì gbójú sókè.

Ọ̀gá mi ò bá mi yọ̀. Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan ni, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí gbogbo wa máa pe òun lórúkọ, nítorí náà mi ò ní fi "wọ́n" yọ ọ́ lẹ́nu níbí. Ó bi mí léèrè kan. Àwọn koríko Crossness jóná lẹ́nu ní ojú títì, ìyẹn yé òun. Kí ló wá ń jó wọn ní ẹ̀yìnkùlé tí kò sí mọ́tò?

Mo gbé ẹ̀sùn náà lé aládùúgbò wa lórí. Ó fẹ́ràn láti máa yan ẹran níta. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi dúró ní fèrèsé òkè, mo ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń fẹ́ iná. Ọkùnrin náà rí mi, ó sì rò pé ebi ló ń pa mí. Ó gbé adìyẹ yíyan sínú àwo, ó nà án sí mi lórí ògiri. Mo jẹ ẹ́. Adìyẹ náà dùn, èéfín rẹ̀ ò sì dé ọ̀dọ̀ koríko mi rárá.

Sunday kan, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ pé kò sí ẹrù tí a máa kó. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí n kúkú fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsìn, kí n ya Mọ́mì lẹ́nu. Èmi ni ẹnu yà.

Mọ́mì ń bọ̀ lókèèrè nínú sùtánà funfun wọn, láìwọ bàtà, torí pé àwa kì í wọ bàtà tí a bá ti wọ sùtánà. Wọ́n ń fa tírọ́lì tí wọ́n fi ń lọ ra iṣu àti ata ní Woolwich. Orí koríko yọ lẹ́nu tírọ́lì náà, ó ń mì lẹ̀ǹgẹ̀lẹ̀ǹgẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mọ́tò kan fun fèrè sí wọn, wọ́n juwọ́ sí i. Ní géètì ṣọ́ọ̀ṣì, Uncle oníbọ́ọ̀sì dúró nínú sùtánà tiwọn, wọ́n gbé ike kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, wọ́n sì di igi pupa bí mélòó kan mú.

"Ẹ rọra o, Mummy," ni Uncle ń wí. "Kẹ́hìndé ń tẹ̀."

Mo dúró lójú títì, mo ń wò wọ́n. Àwọn igi búlúù ni wọ́n ń fà yọ lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ń ki pupa bọ̀ wọ́n. Wọ́n wá ń kó àwọn tó ti wà níbẹ̀ sínú tírọ́lì, wọ́n ń ki búlúù bọ̀ wọ́n. Ọwọ́ wọn yá sí i gan-an. Èèyàn ò lè yá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Nígbà tí Mọ́mì rí mi, ojú ò tì wọ́n rárá. Wọ́n ní, "O ṣeun tó o wá. Gbá ìdí tírọ́lì yìí mú, ẹ̀yìn ti ń dùn mí."

Mi ò gbá nǹkan kan mú. Inú bí mi gan-an. Nígbà tí a délé lẹ́yìn ìsìn, mo dojú kọ wọn.

"Mọ́mì, ẹ ti ba ayé mi jẹ́."

"Inú pot ni ayé ẹ wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Inú pot ló wà. Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe é?"

"Láti week tó o gbé wọn dé. Every Sunday. Àwọn tó wà lójú títì á wá sinmi nílé, àwọn tó ti sinmi á lọ gba ipò wọn." Wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ wọn nínú bẹ́ẹ̀sìnì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. "Àbí ìwọ kọ́ lo sọ pé ìbejì ni wọ́n? Ta ló ń ra aṣọ fún Táyé tí kì í ra fún Kẹ́hìndé? Ohun tí ọ̀kan bá jẹ, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Tó ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìkan á bínú lọ."

"Koríko ni wọ́n, mà."

"Èmi kọ́ ni mo pè wọ́n ní ìbejì."

"Àwọn igi ńkọ́? Kí lẹ ṣe ń yí igi wọn padà?"

Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú, bí wọ́n ṣe máa ń wo àwọn arúgbó tó bá gbàgbé ibi tí yàrá wọn wà. "Igi pupa ni ti ojú títì. Èyí tó bá dé ojú títì á gba pupa. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lo ṣe é ni?"

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ẹni tó ń ṣètọ́jú, ó ń ṣètọ́jú. Mo lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láàárín àwọn koríko tí mi ò tún mọ èyí tó ń jẹ́ Táyé mọ́, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí.

Ní ọjọ́ kejì, mo rò ó fún ọ̀gá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti mọ ohun tó máa sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbórí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń bá mi sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín. Nígbà tó rín in tán, ó nu ojú, ó bi mí bóyá ìyá yìí máa ń fo Sunday kankan.

Mo ní Ìyá Ìjọ ni. Òjò ò lè dá wọn dúró, ibà ò lè dá wọn dúró.

Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, apá kan nínú iṣẹ́ mi ti kú, apá kan ṣì wà láàyè. Gbogbo ike ló pín èéfín bákan náà, gbogbo wọn ló pín ìsinmi bákan náà. Nítorí náà, mi ò lè sọ nǹkan kan mọ́ nípa ohun tí ibi tí koríko wà ń fi ojú rẹ̀ rí. Ìyẹn ti lọ, kò sí ẹni tó lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n bí ìdílé kan bá jóná ju ìdílé mìíràn lọ nínú ìpín tó dọ́gba bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kù tí a lè dá lẹ́bi.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ Yarnton Way ò fi bẹ́ẹ̀ jóná, àwọn ọmọ Crossness jóná lẹ́nu. Ìfaradà náà jẹ́ àbímọ́. Nínú ìwé tí mo kọ, mo sọ pé a máa ń pààrọ̀ ipò àwọn ike lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè gba ìtọ́jú tó dọ́gba. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Mi ò kọ ọ́ pé sùtánà funfun ni wọ́n wọ̀ ṣe é. Yunifásítì fún mi ní ìwé ẹ̀rí, wọn ò fún mi ní ìyìn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Sátidé tí èsì náà jáde, Mọ́mì gbé fóònù ti ìgò epo lórí tábìlì ìdáná, ojú ìyá mi sì yọ láti Iléṣà. Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n gbàdúrà gígùn, lẹ́yìn náà Mọ́mì ní kí n sọ ohun tí mo rí gan-an, ní Yorùbá tó máa yé èèyàn.

Mo ní, "Agbára láti fara da èéfín wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí mo wú lójú títì Yarnton Way. Wọ́n jogún ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Agbára tó yẹ kí wọ́n fi dàgbà ni wọ́n fi ń fara dà á. Wọn ò jóná, àmọ́ wọn ò ga."

Mọ́mì fa àwo ẹ̀wà mọ́ra. Wọ́n ní, "Èyí tí wọ́n gbé sójú títì yẹn. Ká ní wọ́n tètè lọ gbé e wálé, kó má pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ṣé ì bá ga?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn, mà," ni mo wí, mo sì ń rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ẹ bà jẹ́ gan-an nìyẹn."

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì. Mọ́mì ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ohùn tí wọ́n fi ń béèrè iyọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹnì kankan ò ṣáà wá pààrọ̀ èmi."

Ojú tì mí. Mo ti ń fi àwàdà yẹn rẹ́rìn-ín láti kékeré, èmi tó jẹ́ pé oyún mi ló dá ìyá mi dúró sílé. Mo wo ojú kan náà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lórí àwo ẹ̀wà, mo sì rí bí èyí tó wà lórí àwo ẹ̀wà ṣe gbó ju èkejì lọ, ohun tí mi ò fẹ́ rí látọjọ́ tí mo ti dé.

Ìyá mi, tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu wọn, sún mọ́ fóònù.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Táyé, máa bọ̀ nílé. Mo ti rí bàtà náà."

Mọ́mì Lọ́ńdọ̀n gbójú sókè. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wo èmi, wọ́n wá wo ojú fèrèsé, níbi tí àwọn ike tò sí ìlà lẹ́yìnkùlé.

Wọ́n ní, "Ta ló máa wá bomi rin koríko?"